KỌ̀ǸPÚTÀ TÍ Ó KỌ̀ TÍ KÒ ṢÍ
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún



Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá, púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa, èyí tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́, ni ó kọ̀ mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìpàdé owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀la. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó ní kì í ṣe òun. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní kí n dúró ná. Ẹni tí a pè láti tún un ṣe wò ó fìrí, ó ní kò sí ọgbọ́n mìíràn ju pé kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ nù, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Orúkọ gbogbo ẹni tí ó san owó gbọ̀ngàn ìlú wà níbẹ̀, a kò sì ní ẹ̀dà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: díẹ̀ ni ó kù kí n gbà fún un.

Ọmọdébìnrin kan tí ó wá gba fọ́ọ̀mù ni ó ní kí n tẹ àmì ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kọ pásíwọ́ọ̀dù sí, kí a lè rí ohun tí ọwọ́ mi ń kọ. Níbi tí mo rò pé mo kọ @, àmì " ni ó jáde! Ẹnìkan ti fi ètò kííbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà kún ti Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ni àmì méjèèjì yìí pààrọ̀ ipò láàrin wọn. A yí i padà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì ṣí.

Nítorínáà, kí a máa kọ́kọ́ wo ohun kékeré. Ṣé Caps Lock kò tàn? Bí kò bá tilẹ̀ jí rárá, ẹ fi iná mìíràn dán ihò iná wò. Ẹ yọ ṣájà àti ohun gbogbo tí a kì bọ̀ ọ́ lára, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ tó fi ṣájà padà. Bí ó bá ń dún ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ojú rẹ̀ nìkan ni ó kú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2024, àṣìṣe wọ inú àtúnṣe kan tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 sì dákú káàkiri ayé, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra. Wọn kò nu inú wọn nù. Fáìlì kan tí ó ní àṣìṣe ni wọ́n pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a fi BitLocker tì kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà oníwọ̀n 48 kí ó tó gbà.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows titun ni ó ń ti ara rẹ̀ báyìí láìsọ fún wa, tí ó sì ń fi nọ́ńbà náà pamọ́ sínú àkáǹtì Microsoft ẹni tí ó kọ́kọ́ fi wọlé. Bí akọ̀wé bá ti lọ sí Kánádà, nọ́ńbà bá a lọ. Láìsí i, kò sí atúnṣe tí ó lè yọ ìwé wa jáde.

Mo bẹ ìpàdé yìí kí ó pinnu lónìí pé kí àkáǹtì náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà nọ́ńbà kan wà lọ́wọ́ Akápò, kí èkejì sì wà nínú àpótí irin gbọ̀ngàn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àpò agbádá mi ni ó wà báyìí, ibẹ̀ kò sì yẹ ẹ́.