Ẹ́ńjìnnì Tuntun fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ eléré ilẹ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, bí Chevrolet Camaro ti ọdún 1967, tí ó sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ni yóò wò kí ó tó yàn?

Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Ẹ́ńjìnnì lítà 5.7 inú Camaro SS ọdún náà, agbára ẹṣin 295 ni wọ́n kọ sí i. LS1 inú Corvette ti 1997, lítà 5.7 ni òun náà. 345 ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé 50 péré ni èkejì fi ju èkíní lọ. Ìyàtọ̀ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé ìgbà náà, wọn kì í so fáànù àti páìpù èéfín ọkọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń wọn agbára rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n yí ìwọ̀n náà padà.

Nítorí náà, bíréèkì, gíà àti rédíétọ̀ tí a ṣe fún agbára àtijọ́ lè má lè gba tuntun. Kí ó ṣírò owó tiwọn mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Kí ó sì tọ́jú ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì náà, nítorí àwọn tí ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ka èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ sí púpọ̀.

Ẹni tó ra ẹṣin tí kò ra ìjánu, ibi tó wu ẹṣin ni yóò gbé e lọ.