Ẹ Má Ṣe Fi Owó Ra Iṣẹ́: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Ń Wá Iṣẹ́ àti Àwọn Tí Ń Pààrọ̀ Iṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

 

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ti ṣe rí iṣẹ́, àti bí àgbà tí iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ kò gbè mọ́ yóò ti ṣe bọ́ sí òmíràn. Olùkọ́ni ni wá. A ti kọ́ ọmọ ju ogún ọdún lọ, a sì ti kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni pé kí a má ṣe fi owó ra iṣẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan ń wá iṣẹ́ kiri. Ọkùnrin kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, ṣùgbọ́n pé owó ni yóò ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá ta oko kòkó tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní lẹ́tà tí a lu òǹtẹ̀ sí. Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn kò rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Oko lọ, owó lọ, iṣẹ́ kò sí. Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá náà bi wá léèrè kí ó tó san owó náà, ọkàn wa kò sì gbà á, ṣùgbọ́n a dákẹ́, kí a má baà sọ pé à ń ṣe ìlara ọmọ rẹ̀. Gbèsè ìdákẹ́ yẹn ni a wá san lónìí.

Ìyà àwọn tí ń wáṣẹ́ a máa kọjá ti owó nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àlejò pe àwọn tí ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. 1,000 náírà ni a ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó sì ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú. Ẹ jẹ́ kí a fi í kọ́gbọ́n: iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san owó fún òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ kì í san owó fún iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: owó tí à bá fi ra iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi kọ́ iṣẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹni tí ó bá sì ti mọ iṣẹ́ káfíńtà, bíríkìlà, wẹ́dà tàbí iná mànàmáná, kí ó má jókòó láìní ìwé. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìdánwò tí a ń pè ní Trade Test. Ipele mẹ́ta ni. Ìkẹta ni ìbẹ̀rẹ̀, ìkíní ni òkè. Àjọ NABTEB, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kẹta kan ìwé. Kí orúkọ tí ó wà lórí ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ìdánwò àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ Adéṣọlá níhìn-ín tí ó ń jẹ́ Ṣọlá lọ́hùn-ún, kí ó lọ tún un ṣe kí a tó pè é. Kí lẹ́tà ìwáṣẹ́ má ju ojú ewé kan lọ. Kí ó sọ iṣẹ́ tí a ń wá, ohun tí a ti ṣe rí, àti ibi tí a ti lè rí wa. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé iṣẹ́ èyíkéyìí ni ẹ lè ṣe, nítorí ọ̀gá kò ní mọ ibi tí yóò fi yín sí. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti pè wá lórí ẹni tí a kò mọ̀ pé ó ń wáṣẹ́.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, ẹ béèrè ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ fi àdéhùn lé òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé lọ́wọ́ ní kíkọ, kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kí tuntun tó lè bọ́ yín. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó kọ́ iṣẹ́ iná oòrùn. Ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi ni ó fi jókòó lẹ́sẹ̀ ọ̀gá tí ó tó ọmọ bíbí rẹ̀. Ọdún méjì ni ó fi ṣe é kí ó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe àti ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n là yé ènìyàn, tí ó ti inú iṣẹ́ wa kó lọ, ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń yìn ín.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní ìlú òyìnbó, ẹ̀yin ni ojú wa lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ gbígba àwọn olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun dúró. Ẹni tí ó bá ṣì ń ta irú físà bẹ́ẹ̀ fún ará ilé yín, òfo ni ó ń tà. Ìjọba náà a máa kéde orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti mú àlejò wọlé. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ta ilẹ̀ nílé.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ kò ju méjì lọ. Èkíní, kí a ní ìwé kan tí a kọ iṣẹ́ gbogbo ọmọ ìlú sí, kí ọ̀dọ́ lè mọ ẹni tí yóò lọ bá fún ìmọ̀ràn. Èkejì, ẹbí tí ó bá fẹ́ ta oko tàbí ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọmọ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹgbẹ́ létí, kí a sì fi òótọ́ sọ fún wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọmọ tí a wí yẹn ti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ó sì ń jẹun nídìí rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n oko ìyá rẹ̀ kò padà.