Ẹ Má Ṣe Fọ Ṣílè Àtijọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ ti parí Ìwé Kìíní,

Lónìí, ọ̀rọ̀ owó onírin àtijọ́ ni a fẹ́ sọ: ọ̀níní, ẹ́pìnì, kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Náírà gba ipò wọn ní ọdún 1973, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà. Àwọn kan ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, nílé àti lókè òkun, wọ́n sì ń fi owó gidi rà á. Kí wọ́n tó dá iye lé e, ara owó náà ni wọ́n máa ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí bàbá wa kú, a bá ṣílè fàdákà mẹ́wàá nínú ìkòkò kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú. Àwa tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, a rò pé ìdọ̀tí ni. A mú eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́, a fi fọ mẹ́sàn-án nínú wọn títí wọ́n fi ń dán bí dígí. Inú wa dùn! Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà wọ́n, ó gbé ọ̀kan sábẹ́ iná, ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti fọ̀ ọ́. Fàdákà inú rẹ̀ nìkan ni mo lè rà." Ẹ̀kẹwàá, tí a gbàgbé sí ìdí ìkòkò, tí ó ṣì dúdú, òun ni ó fi ayọ̀ rà. Ẹyọ kan yẹn mú owó wọlé ju mẹ́ta lọ nínú àwọn tí a fọ̀. Bàbá wa fi ọ̀pọ̀ ọdún pa owó yìí mọ́. Àwa fi àárọ̀ ọjọ́ kan bà á jẹ́.

Kí ni a bàjẹ́? Ẹ gbọ́ o: dúdú ara fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eérú ní tirẹ̀ a máa ha owó, ìlà wínníwínní a sì kún ojú rẹ̀. Bí awọ owó bá ti bó, kò tún hù mọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa wò.

Èkíní, ẹ ka ohun tí a kọ sí i. Ẹ ó rí BRITISH WEST AFRICA àti ọdún. Ṣílè tí ọdún rẹ̀ wà láti 1913 dé 1919, fàdákà ni. Ní 1920, wọ́n ṣe ti fàdákà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ti idẹ. Ẹ tún wá lẹ́tà kékeré. H tàbí KN túmọ̀ sí pé ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́. Bí ẹ bá rí EDWARDVS VIII lára kọ́bọ̀ onihò ti 1936, ọba tí ó gorí ìtẹ́ tí ó sì fi í sílẹ̀ láàrin ọdún kan náà nìyẹn. Ẹni tí kò lè kàwé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ti kúrò níbẹ̀.

Èkejì, ẹ wo ibi tí ó yọ sókè jù, nítorí ibẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń pá. Lára ṣílè Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ẹ wo adé, irun ojú àti etí ọba. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo imọ̀ ọ̀pẹ. Bí imọ̀ náà bá hàn fínnífínní, owó náà kò tíì gba ọwọ́ púpọ̀. Bí ó bá ti di pẹlẹbẹ, ó ti rìn jìnnà. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fún owó ní máàkì láti 1 dé 70, gẹ́gẹ́ bí William Sheldon ti kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1949. Owó tí ó gba 1 ti pá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sapá kí a tó mọ̀ ọ́n. Láti 60 lọ sókè, a kò tíì ná an rí. 70 kò lábùkù rárá.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo awọ rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì di etí owó mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ rọra máa yí i lábẹ́ iná. Dídán owó tuntun a máa rìn yíká bí ẹ ti ń yí i. Èyí tí a ti fọ̀, dídán rẹ̀ kì í rìn, ìlà a sì wà lára rẹ̀. Ọba lè ní irùngbọ̀n rẹ̀ pé pérépéré o, bí a bá ti fi eérú fọ ojú rẹ̀, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí àpótí. Ẹ má mú ọsàn, ẹ má mú ọṣẹ. Ẹ fi ìwé funfun gbígbẹ wé owó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wé e, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọdún rẹ̀ àti lẹ́tà tí ẹ rí sí ara ìwé náà. Ẹ mú ìwé yín wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kí a jọ kà á.