Epo Tí Ń Jò: Ọ̀rọ̀ Lórí Gíábọ́ọ̀sì Ẹ̀rọ Ìgékoríko



Ẹ̀bi mi ni mo wá jẹ́wọ́. Epo ń jò lára gíábọ́ọ̀sì ẹ̀rọ ìgékoríko ara katakata ilé-ẹ̀kọ́ wa. Òmíràn ni mo kàn ń bù kún un. Nígbà tí a tú u, eyín gíà ti ká. Rọ́bà kékeré tí ń sé epo mọ́nú ni ó kọ́kọ́ gbó.

Ẹ paná ẹ́ńjìnnì, kí ẹ da epo rẹ̀ sínú abọ́. Bí ó bá rí bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ̀rún irin bá ń dán nínú rẹ̀, gíà tàbí bíárìn ti ń jẹ ara rẹ̀. Bí ọ̀pá irin tí rọ́bà yí ká bá ti ní kòtò, rọ́bà tuntun pẹ̀lú yóò jò.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.