Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Ṣe É
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ 10. Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí di òní, ọpẹ́ ni fún un.

Ọjọ́ orí ló kó wa jọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kò lè mú wa dúró. Àwọn kan nínú wa ń ṣe àṣemọ́jú ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìkòròdú Industrial Estate. Àwọn mìíràn ń jí ní ìdájí láti bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó jà, ọmọ á sì ti sùn kí wọ́n tó padà dé. Báyìí ni ìlú ńlá ṣe máa ń sọ ọ̀rẹ́ di ẹni tí a kàn ń kí lórí fóònù.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní báńkì mọ̀ pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fi owó sí, tí wọn kò sì gba owó níbẹ̀, yóò sùn ni. Orúkọ onítọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́. Owó oṣooṣù àti aṣọ ẹgbẹ́ dára, ṣùgbọ́n ohun tí a jọ fi ọwọ́ ara wa ṣe ni kì í jẹ́ kí ìrẹ́pọ̀ sùn.

Ẹ wo àwọn ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti ìbátan wọn ni wọ́n. Wọ́n ń wo fíìmù ńláńlá, wọ́n sì ń tún un ṣe nínú àdúgbò tiwọn: bárò, igi àti ohun èlò ìdáná ni wọ́n fi rọ́pò ohun olówó ńlá. Nígbà tí wọ́n ṣe ti Extraction ní ọdún 2020, Netflix rí i, wọ́n sì fi ohun èlò fíìmù ránṣẹ́ sí wọn. Kí ẹ̀bùn yẹn tó dé, ilé kan ti jọ ṣiṣẹ́, wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín. Èrè àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìwé kíkà náà a máa so ènìyàn pọ̀. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà nípa ayé tó jẹ. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà padà sí ìwé ìròyìn náà. Àwọn mìíràn gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ìtàn kan sọ àwọn tí kò mọ ara wọn rí di ẹni tó ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Àbá wa rèé. Ní ìpàdé oṣooṣù, ẹ jẹ́ ká fi ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ẹnì kan ka ojú ìwé méjì nínú ìwé Yorùbá sókè, ká sì jọ sọ̀rọ̀ lé e. Ẹni tí àṣemọ́jú bá dá dúró, kó ka tirẹ̀ sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́. A ti kọjá ogójì ọdún, ojú ẹlòmíràn ti ń béèrè awò. Ẹni tí kò bá rí i kà, kó pa àlọ́. Kí àwọn ọmọ wa náà máa wá, kí wọ́n gbọ́ ohùn wa níbi tí a kò ti bá wọn wí. Owó ìwé kan kò tó owó ọtí tábìlì kan.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Bí a ṣe pé jọ lónìí, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe pé ní ogún ọdún, láìdín ẹnì kan.