Iyanrìn Tí Òkun Jẹ, Níbo Ni Ó Kó O Sí?

  

Nígbà ọyẹ́, bí a bá gbá mọ́sáláṣí láàárọ̀, kí á tó kí ìrun ọ̀sán, eruku lẹ́búlẹ́bú ti tún bo ẹní. Níbo ni eruku yìí ti wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan láyé àtijọ́. Adágún náà gbẹ, atẹ́gùn tí ó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá sì ń gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ a máa fò dé ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn a tilẹ̀ ré kọjá Òkun Àtìláńtíìkì dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n hóró iyanrìn wúwo. Kúkúrú kúkúrú ni ó ń fò nítòsí ilẹ̀. Bí ó bá kan ohun ìdènà, yóò dúró, òmíràn yóò bá a, wọn yóò sì di òkìtì.

Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni a fi sọ Súúrà 46 nínú Al-Kùránì lórúkọ: Al-Ahqāf, ilẹ̀ ìjọ Ād tí a rán Ànábì Hūd sí. Nínú àwọn òkìtì aṣálẹ̀, ọ̀kan wà tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó kọ sí atẹ́gùn rọra ga. Iwájú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Atẹ́gùn ń ṣí iyanrìn kúrò lẹ́yìn, ó ń dà á sí iwájú, títí odidi òkìtì yóò fi kúrò ní àyè rẹ̀. Òkìtì náà ń rìn. Hóró kan kò sọnù. Àyè ni ó pààrọ̀.

Ohun tí atẹ́gùn ń ṣe ní aṣálẹ̀ yìí ni ìgbì ń ṣe ní etí òkun Èkó. Ìgbì tí ó ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá kì í forí sọ ilẹ̀ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń kàn án. Nítorí náà ni ó fi ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, tọ̀sán tòru. Láyé àtijọ́, iyanrìn yìí a máa dí ẹnu ọ̀sà Èkó, tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọlé. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn mọ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà. Ọ̀nà là, Èkó náà sì là. Ṣùgbọ́n iyanrìn há sí ẹ̀yìn ògiri ti ìwọ̀ oòrùn, etí òkun ìhà Lighthouse sì fẹ̀ sí i. Ní ìlà oòrùn, ní Bar Beach, ìgbì ń kó iyanrìn lọ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, òmíràn kò sì dé láti rọ́pò rẹ̀. Òkun jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń da iyanrìn sí i léraléra, tí òkun sì ń kó o. Nígbà tí ó yá, wọ́n mọ ògiri òkúta mìíràn fún ìlú Eko Atlantic, Victoria Island sì rí ààbò. Àwọn ará Okun Alfa, tí abúlé wọn wà ní ìlà oòrùn sí i, ni wọ́n wá ń ké pé òkun ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń sọ pé kádàrá ni. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á sọ ohun tí a kò mọ̀ nípa Rẹ̀. Òfin tí Ó fi lélẹ̀ fún iyanrìn kò yí padà láti ìgbà ìjọ Ād. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé ògiri dínà rẹ̀. Ẹ lọ wo Súúrà Rúúmù, áyà 41, kí ẹ kà á pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wa iyanrìn etí òkun tà fún àwọn tí ń kọ́lé. Mo mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ ni, n kò sì ní jókòó síhìn-ín kí n máa dá yín lẹ́bi. Owó ilé-ìwé àwọn mìíràn nínú yín ń ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ẹ kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù ni ìgbì ìbá gbé lọ tẹ́ etí òkun aládùúgbò yín ní ìlà oòrùn. Bí kò bá rí i gbé, ilẹ̀ aládùúgbò ni yóò jẹ. Ẹ bi àwọn àlùfáà wa léèrè bóyá irú ọjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ tiwa láti tà, kí ẹ sì bi wọ́n kí ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn tó dé.