SÍSÁ NÍ ILÉ-ÌWÉ, ÀTI ÀWỌN ORÚKỌ TÍ A Ń PÈ É

Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí ń sá ní ilé-ìwé, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pàṣán ni púpọ̀ nínú yín ń retí. A ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ tí a ń pe ìwà yìí wò, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ nǹkan lórúkọ ti sọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa nǹkan náà.

Ìsáǹsá ni àwọn àgbà ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1843 ni àwọn oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ìsáǹsá sì ti wà kí ọdún náà tó dé. Ẹrú tàbí ìwọ̀fà tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ni ìsáǹsá. Nígbà tí ilé-ìwé dé, a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun. A mú orúkọ ẹni tí ó já ìdè, a fi sọ ọmọ tí kò lọ kọ́ a, b, d. Ẹ wo ohun tí a ti sọ láìmọ̀!

Ọ̀rọ̀ kejì dùn ju èyí lọ. A máa ń wí pé ọmọ pa ilé-ìwé jẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ẹnìkan pa iṣẹ́ jẹ tàbí pé ó pa ìpàdé jẹ. (Àwọn tí èyí kàn nínú ẹgbẹ́ yìí mọ ara wọn.) Ọjọ́ náà dà bí ẹran ìgbẹ́ tí ọmọ náà dọdẹ rẹ̀, tí ó pa, tí ó sì dá jẹ láìmú itan wá fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn “sítáàbù” kíláàsì. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí a fi ọ̀bẹ gún nǹkan. A kò wí pé pípajẹ ni ó bí sítáàbù; ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọ̀bẹ kan náà ni ó wà lọ́wọ́ baba àti ọmọ. Àwọn mìíràn ní àwọn fo fẹ́ǹsì. Èyí kò fẹ́ àlàyé. Ẹ lọ wo ibi tí ògiri ilé-ìwé ti dán nítorí àtẹ̀sẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àwọn ará Ítálì a máa sọ pé ọmọ “marinare la scuola”, èyí ni pé ó rẹ ilé-ìwé bí ìgbà tí a rẹ ẹja sínú ọtí kíkan kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Àwa pa tiwa jẹ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn fi tiwọn pamọ́ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn aláṣẹ ń lò, “truant”, láti ẹnu àwọn Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, alágbe àti alárìnkiri ni a sì ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní Ireland àti ní Wales, “mitch” ni àwọn ọmọ ń wí, láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí fífi ara pamọ́. Shakespeare pàápàá lo irú rẹ̀ nínú eré tí ó kọ nípa Ọba Henry Kẹrin. Àwọn ìbátan wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé Faransé, mọ “école buissonnière”, èyí tí í ṣe ilé-ìwé inú igbó. Àwọn ará Sípéènì ní tiwọn ní “hacer novillos”, a sì gbọ́ pé nítorí àwọn ọmọ tí ń sá lọ wo akọ ọ̀dọ́ màlúù ni. Bí Faransé bá mú igbó wá, tí Sípéènì sì mú màlúù tí í ṣe ìbátan ẹfọ̀n wá, ẹ̀yin ará, orúkọ ìlú wa, Igbó Ẹfọ̀n, ni wọ́n ń pè yẹn! A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ òkèèrè wọ̀nyí ni ó ń sọ ibi tí ọmọ lọ: inú igbó, ọ̀dọ̀ màlúù, ibi ìfarapamọ́. Èyí tí ó wà lẹ́nu àwa jùlọ, sísá, ń tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò lé ejò, ejò ni ó ń lé wa. Nígbà tí ọmọ bá sá, ǹjẹ́ a ha ti bèèrè èwo nínú méjèèjì ni?

Nígbà tí àwa wà ní kékeré, ejò ni a ń lé. Títì tí ó lọ láti Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kò tíì dé nígbà náà. Yanrìn àti igi àgbọn ni ojú ọ̀nà, òkun wà ní apá kan, ọ̀sà wà ní apá kejì. Bí àwọn apẹja bá ń fa àwọ̀n wá sí èbúté, ariwo orin wọn yóò dé etí wa. Ọmọ tí ó bá bá wọn di okùn mú yóò gba ẹja díẹ̀. Ẹja náà a di ọbẹ̀ ní alẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè pé, “Níbo ni o ti rí i?” A kò ní í purọ́ fún yín: àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí náà fa àwọ̀n rí, àwọn tí wọ́n bí wa sì jẹ nínú ẹja náà, wọ́n sì kí wa pé a ṣeun. Ọ̀pọ̀ ìsáǹsá ni ó ní olùrànlọ́wọ́ ní ìdí ààrò.

Ìjọba pẹ̀lú ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, fún rere àti fún búburú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Mínísítà rẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́, Awókọ́yà, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lé ní 800,000 ní ọdún náà. Èkó tẹ̀ lé e ní 1957. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ ní Èkó, a sì pín ilé-ìwé sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ètò yẹn ni ọ̀rẹ́ àtàtà fún ìsáǹsá! Bí ẹ bá rí ọmọ lójú ọ̀nà ní agogo mẹ́wàá, yóò ní ti ọ̀sán ni òun. Bí ẹ bá rí i ní agogo méjì, yóò ní òun ti ti àárọ̀ dé. Gómìnà Lateef Jakande ni ó fi òpin sí i láàárín ọdún 1979 sí 1983, tí ó kọ́ àwọn yàrá tí àwọn ẹlẹ́yà ń pè ní ilé adìẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rí ibi jókòó sí.

Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màrókò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò rí ibi forí lé. A kó díẹ̀ nínú wọn wá sí Ìlàsàn àti Ìkòtá, tí kò jìnnà sí wa. Ilé àti ilé-ìwé ni ó wó pọ̀. A rí àwọn ọmọ tí ń rìn kiri ní òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì pè wọ́n ní ìsáǹsá. A jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu àwa náà jáde. Àwọn ọmọ náà kò sá fún ilé-ìwé. Ilé-ìwé ni ó sá fún wọn.

Èyí ni ó mú wa dé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí, òun gan-an ni ìdí tí a fi gbà láti sọ̀rọ̀ lónìí. A wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní oríta Jakande, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ti kọjá. Ọmọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé ìjọba gbé omi inú ọ̀rá wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa. A fi ohùn àgbà sọ fún un pé, “Ìwọ ọmọ yìí, èéṣe tí o fi sá ní ilé-ìwé?” Ó wò wá, ó ní, “Ẹ má bínú sà, mi ò sá. Wọ́n lé mi ni.” Owó kan ni wọ́n ní kí ó mú wá, kò rí i mú wá, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ọjà, ojú sì ń tì í láti padà sílé kí aládùúgbò má bàa bi í léèrè. Ó yá omi tà, bóyá èrè rẹ̀ yóò tó owó náà ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. A ra omi méjì. Ọkọ̀ sún síwájú, a kò sì rí i mọ́.

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 sọ pé òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé yóò gba ìbáwí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Apá ìhín yìí ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Òfin kan náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba àti ní ọdún mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdírì, àti pé ẹni tí ó bá gba owó fún un lè san ìtanràn tó ₦10,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Apá ọ̀hún ni kì í dé etígbọ̀ọ́ wa.

A ti ṣèlérí pàṣán. A kò wí pé kò sí ọ̀lẹ láàárín àwọn ọmọ, tàbí pé ẹni tí ó fo fẹ́ǹsì lọ sí ilé tẹ́tẹ́ kò yẹ fún ìbáwí. Ìbéèrè ni a ní kí ó ṣáájú. Nítorí náà ni a fi gbé àbá yìí wá síwájú ẹgbẹ́: ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá rí ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé lójú títì lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, kí ó dá a dúró jẹ́jẹ́, kí ó bi í léèrè, kí ó sì gbọ́ bóyá “mo sá” ni ó wí tàbí “wọ́n lé mi”. Èyí tí ó sá, kí a mú un lọ bá àwọn òbí rẹ̀. Èyí tí a lé, kí akọ̀wé àti àgbà méjì tọ olórí ilé-ìwé lọ ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n mú ẹ̀dà òfin náà dání, kí wọ́n má sì ṣe padà wálé láì mú ọmọ náà wọ kíláàsì. A ti ra ìwé kan tí a ó máa kọ ìdáhùn àwọn ọmọ náà sí, láìkọ orúkọ wọn. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni ó wà. Ti ọmọ olómi náà ni a kọ sí ojú ewé kìíní.